Bí ẹ ṣe lè gbé búsítà bíréèkì ọkọ̀ mìíràn sórí ọkọ̀ àtijọ́

Ọkọ̀ àtijọ́ kò wọ́n ní àgbàlá ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó, Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ṣágámù: Peugeot 404 tí bàbá fi sílẹ̀, Datsun 120Y, Mercedes tó ju ẹni tó ń wà á lọ lọ́jọ́ orí. Tí Ojúde Ọba bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á ká tapólì kúrò lórí wọn, wọ́n á kùn wọ́n lọ́dà, wọ́n á fọ kabúrétọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì dáhùn. Bíréèkì ló máa ń kù. Awakọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde dúró lórí pẹ́dàlì kí ọkọ̀ tó dúró, yálà torí pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò fi búsítà (ohun tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ lórí bíréèkì) sí i, tàbí torí pé búsítà rẹ̀ ti kú tí irú rẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́. Wọ́n á wá ti ọkọ̀ mìíràn wá. Ó ṣeé ṣe, ó sì máa ń dára, àmọ́ búsítà kì í dá iṣẹ́ ṣe. Òun àti másítà (sìlíńdà tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí táyà), pẹ́dàlì àti ẹ́ńjìnnì ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan wọlé láì wo mẹ́ta yòókù, ọkọ̀ tó le lẹ́sẹ̀ lánàá lè di ọkọ̀ tó ń di táyà mú fúnra rẹ̀ lọ́la.

Ohun tí búsítà ń ṣe

Ìkòkò irin pẹlẹbẹ ni búsítà, rọ́bà fífẹ̀ kan sì pín inú rẹ̀ sí yàrá méjì. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí bíréèkì, ẹ́ńjìnnì ti fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú yàrá méjèèjì. Tí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì, fáàfù inú rẹ̀ á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta wọ yàrá ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ yẹn á sì ti rọ́bà náà síwájú lu másítà. Afẹ́fẹ́ ìta ló ń bá ẹsẹ̀ yín tì í. Ẹ́ńjìnnì kò ṣe ju pé ó fa inú rẹ̀ gbẹ.

Nítorí náà, ohun méjì ló ń sọ bí agbára rẹ̀ ṣe máa tó: bí rọ́bà náà ṣe fẹ̀ tó, àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fà tó. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tí ara rẹ̀ dá máa ń fa bí 18 sí 21 lórí géèjì fákúọ̀mù (òun ló ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fà tó, íǹṣì mẹ́kúrì ló sì fi ń kà) nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́. Bó bá jẹ́ 20 ló ń fà, búsítà íǹṣì 7 á fi bí kílò 170 ti másítà, ti íǹṣì 8 á fi bí 224, ti íǹṣì 9 á fi bí 283. Ìṣirò orí ìwé lèyí o. Ní ti gidi ó máa ń dín díẹ̀, torí pé a kò yọ etí rọ́bà náà àti àárín rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò. Ẹ wá wo ìhà kejì: bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbó, tó jẹ́ 15 péré ló ń fà, búsítà íǹṣì 8 kò ní lágbára ju ti íǹṣì 7 lórí ẹ́ńjìnnì tó dá lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ra búsítà gàǹgà nígbà tó jẹ́ ríìnì pístìnì àti fáàfù ẹ́ńjìnnì ló yẹ kí wọ́n tún ṣe. Ẹ so géèjì mọ́ máńífóòdù (páìpù tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fa afẹ́fẹ́ àti pẹtiróòlù wọlé) ná. Bí kò bá tó 16, ẹ wo táímìnì, ẹ wo fáàfù, ẹ wo gásíkẹ́ẹ̀tì máńífóòdù, kí ẹ tó náwó sí búsítà.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kì í fà bí ti pẹtiróòlù. Ó gbọ́dọ̀ ní pọ́ńpù fákúọ̀mù tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, búsítà náà kò wúlò ju ìdérí ìkòkò lọ.

Ẹ tún bíréèkì ṣe kí ẹ tó ronú búsítà

Búsítà kì í wo àìsàn bíréèkì sàn. Ohun tó wà níbẹ̀ náà ló máa sọ di ńlá. Bí táyà òsì bá ń fa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nísinsìnyí, á fà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí rọ́bà bíréèkì tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí táyà bá ti sán, agbára tuntun yìí ló máa bẹ́ ẹ. Ẹ tú gbogbo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó lọ sí ibi táyà, ohun yòówù kí ojú wọn jọ, torí pé inú ni wọ́n ti máa ń wú tí wọ́n á dí. Ẹ wo bóyá pístìnì àwọn sìlíńdà kéékèèké tó wà níbi táyà ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ wo láínì àti dúrọ́ọ̀mù (ìlù irin tí láínì ń tì láti inú), kí ẹ sì ṣe àdíjọ́sì wọn. Nígbà míì, iṣẹ́ ọjọ́ kan yìí nìkan á fi hàn pé ọkọ̀ yẹn kò bèèrè búsítà rárá, pàápàá èyí tó jẹ́ dúrọ́ọ̀mù ló wà ní gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, torí pé láínì dúrọ́ọ̀mù máa ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ bó ṣe ń yí. Dísìkì (àwo irin tí páàdì ń fún mọ́ra) kì í ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n ti fi dísìkì sí níwájú ni búsítà tọ́ sí jù.

Ọkọ̀ tí pẹ́dàlì rẹ̀ ti ilẹ̀ jáde, bí Ìjàpá Volkswagen àti Morris Minor, kò gba irú iṣẹ́ tí a ń sọ yìí. Abẹ́ ilẹ̀ ni másítà Morris wà, àyè búsítà kò sì sí nídìí pẹ́dàlì Ìjàpá. Irú wọn ń fẹ́ búsítà tó dá dúró, èyí tí páìpù ọ́ìlì ń wọ̀ tó sì ń jáde, tí wọ́n lè dè mọ́ ibikíbi. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ tí pẹ́dàlì rẹ̀ so rọ̀ láti òkè, tí másítà rẹ̀ sì dúró lórí ògiri irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀, la ń bá lọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́káníìkì kì í rántí. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wọ ìlú ṣáájú ọjọ́ yẹn, ọ̀tún ni sitíárì wọn wà. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ wo ohun tó wà níwájú pẹ́dàlì: ó lè jẹ́ ẹ̀sọ́ọ̀sì gan-an ni, búsítà ọkọ̀ elésitíárì-òsì kò sì ní rí ibi gbà. Bí wọ́n bá ti gbé sitíárì rẹ̀ kọjá sí òsì láyé ọjọ́un, ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé pẹ́dàlì kọjá. Nígbà míì ọ̀pá gígùn kan ni wọ́n fi dábùú ògiri, ojú rẹ̀ á sì ti jẹ. Ọ̀pá tó ń mì kò gbọdọ̀ gbé búsítà.

Yíyan èyí tí ẹ máa rà

Ẹ ra búsítà àti másítà pa pọ̀ lára ọkọ̀ kan náà. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú búsítà nìkan, kí ẹ fi másítà àtijọ́ yín sí i, ẹ bi í léèrè ohun tó máa dí iwájú búsítà náà. Nínú ọ̀pọ̀ búsítà òde òní, rọ́bà roboto tó wà lọ́rùn másítà ló ń dí ihò iwájú tí afẹ́fẹ́ kò fi wọlé. Másítà àtijọ́ kò ní rọ́bà yẹn. Bí ẹ bá dè é mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa wọlé gùrùgùrù, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, pẹ́dàlì á sì le bí òkúta.

Ẹ wá tara ọkọ̀ tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ló ń wà á bíi ti yín: Hiace, Hilux, Peugeot 505, Mercedes. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí táyà iwájú ń wà, bíi Camry àti Corolla òde òní, másítà wọn pín iṣẹ́ ní ìdábùú: ẹ̀ka kan ń bọ́ iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì, èkejì ń bọ́ iwájú òsì àti ẹ̀yìn ọ̀tún. Ọkọ̀ àtijọ́ oní-másítà alápá-méjì sábà máa ń pín in sí iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Kálípà iwájú (ohun tó ń ti páàdì mọ́ dísìkì) ń gba ọ́ìlì ju ẹ̀yìn lọ, másítà onídàábùú kò sì fi èyí sọ́kàn, torí pé ìwọ̀n kan náà ló ń fún ẹ̀ka méjèèjì. Àwọn kan ń dí ihò méjì nínú mẹ́rin kí wọ́n lè lò ó. Ọkọ̀ á dúró lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ tí ẹ̀ka kan bá jò ni ẹ máa mọ̀ pé pẹ́dàlì lè kan ilẹ̀ kí èkejì tó gbé e.

Bí ọkọ̀ yín bá sì jẹ́ èyí tí másítà rẹ̀ ní ẹ̀ka kan ṣoṣo, ẹ má ṣe jẹ́ kí àǹfààní yìí kọjá: alápá-méjì ni kí ẹ gbé sí i.

Fífẹ̀ inú másítà náà ṣe kókó. Íǹṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin (19.05 mm) ní ojú 285 mm², 22.2 mm ní bí 388, íǹṣì kan gbáko (25.4 mm) ní 507. Bí ẹ bá kúrò lórí 19.05 bọ́ sórí 22.2, agbára tó dé táyà fún ìtẹ̀ kan náà á dín ní bí ìdá mẹ́rin, ìrìn pẹ́dàlì á sì kúrú. Ìyẹn lè dára, torí búsítà á dá agbára náà padà. Àmọ́ ẹni tó bá fi másítà Hiace tó fẹ̀ gan-an sórí Datsun kékeré, pẹ́dàlì á le bí igi, á sì rò pé búsítà ló bà jẹ́. Ẹ máa rìn sún mọ́ ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ má sì kọjá ipele kan sókè.

Ẹ wọn àyè kí ẹ tó dé ọjà, yálà Ládípọ̀ lẹ fẹ́ lọ tàbí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ nítòsí. Ẹ gé páálí roboto mẹ́ta, íǹṣì 7, 8 àti 9, kí ẹ kó wọn sí ibi tí búsítà máa wà. Ẹ wọn gígùn láti ògiri dé ohun àkọ́kọ́ tó wà níwájú. Ìdérí fáàfù ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jìnnà sí i ní 20 mm ó kéré tán, torí pé ẹ́ńjìnnì máa ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ bá tẹ iná. Ẹ̀sọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, 80 mm sókè, bí kò bá sì jìnnà tó, kí páànù ìdábòòbò wà láàárín wọn. Búsítà alábala méjì (èyí tó ní rọ́bà fífẹ̀ méjì nínú) tí kò fẹ̀ púpọ̀ lè gba ibi tí íǹṣì 9 kò gbà, gígùn rẹ̀ nìkan ló pọ̀ jù.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò lọ́wọ́ òǹtajà

Ẹ tú másítà kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú. Bí inú bá tutù, tó sì ń rùn bí ọ́ìlì bíréèkì, másítà ti jò sínú rẹ̀, ọ́ìlì náà á sì ti jẹ rọ́bà. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ má rà á. Ẹ mì í: kò yẹ kí ẹ gbọ́ ohun tó ń dún bí omi. Ẹ yọ fáàfù ike tí hóòsì tó ti ẹ́ńjìnnì wá ń wọ̀, kí ẹ fẹ́ ẹ látọ̀dọ̀ búsítà, afẹ́fẹ́ á kọjá. Ẹ fẹ́ ẹ láti ìhà kejì, kò gbọdọ̀ kọjá.

Lẹ́yìn náà, bó bá jẹ́ irú èyí tí rọ́bà ọrùn másítà ń dí, ẹ dá másítà padà sí iwájú rẹ̀ ná, kí ẹ so pọ́ńpù fákúọ̀mù ọwọ́ mọ́ ọn. Ẹ fà á dé 20, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Bó bá já ju 1 lọ, ó ń jò. Ẹ wá fi ọwọ́ ti ọ̀pá ẹ̀yìn (èyí tó ń lọ sí pẹ́dàlì). Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ híìsì, kí ẹ sì mọ̀ ọ́n lára pé ọ̀pá iwájú (èyí tó ń ti másítà) ń lọ síwájú pẹ̀lú agbára tó ju ti ọwọ́ yín lọ. Bí kò bá sí pọ́ńpù, ẹ fi hóòsì so ó mọ́ máńífóòdù ọkọ̀ èyíkéyìí tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí. Òǹtajà tó bá kọ̀ fún yín láti dán an wò ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dán an wò, ẹ má ki ìka sí ihò iwájú o.

Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi òòlù ṣí ìkòkò búsítà láti “tún inú rẹ̀ ṣe”. Ilé iṣẹ́ fi ẹ̀rọ pa etí rẹ̀ mọ́ra ni, sípíríǹgì tó lágbára sì wà nínú rẹ̀.

Ìlọ́po pẹ́dàlì

Ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ wọn láti pín-ìn-nì tí pẹ́dàlì so rọ̀ mọ́ lókè dé àárín ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ẹ tún wọn láti pín-ìn-nì yẹn dé ihò tí ọ̀pá ẹ̀yìn búsítà so mọ́. Ẹ fi èkejì pín èkíní. Bó bá jẹ́ 300 mm àti 50 mm, ìlọ́po 6 nìyẹn: kílò kan láti ẹsẹ̀ di mẹ́fà lára ọ̀pá. Ọkọ̀ tí kò ní búsítà sábà máa ń wà láàárín 5 sí 7, èyí tó ní búsítà máa ń wà nítòsí 4. Bí ẹ bá fi búsítà sórí pẹ́dàlì ìlọ́po 6, ẹ fọwọ́ kàn án báyìí, imú yín á lu gíláàsì iwájú. Pẹ́dàlì á sì rìn jìnnà kó tó ti másítà débi tó yẹ.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ẹ lu ihò tuntun sí ìsàlẹ̀ èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yẹn, 75 mm láti òkè ló máa fún yín ní 4. Kí irin tó kù láàárín ihò tuntun àti etí pẹ́dàlì má dín sí fífẹ̀ ihò náà fúnra rẹ̀. Bí pẹ́dàlì bá tín-ín-rín, kí wẹ́dà fi irin 5 mm kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó lu ihò. Ẹ rántí pé bí ihò bá sọ̀ kalẹ̀ ní 25 mm, àárín búsítà náà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ògiri, torí ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ lọ tààrà. Bó bá wọ́ sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ju ìwọ̀n díẹ̀ lọ, á máa jẹ ẹnu búsítà, láàárín oṣù díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Gbígbé e sórí ògiri

Bóòtù mẹ́rin ló sábà máa ń wà lẹ́yìn búsítà, kò sì jọ pé wọ́n á bá ihò ọkọ̀ yín mu. Ẹ tẹ páálí mọ́ ẹ̀yìn búsítà kí bóòtù ya ihò sí i, kí ẹ fi páálí yẹn ṣe àwòrán lórí irin 6 mm. Irin yìí ni búsítà máa jókòó lé, òun náà á sì fi bóòtù tirẹ̀ di ògiri mú. Ní ìhà inú ọkọ̀, ẹ fi irin 3 mm tó fẹ̀ ju ìdí búsítà lọ sí ẹ̀yìn ògiri. Ògiri ọkọ̀ àtijọ́ tín-ín-rín, ìpẹtà sì ti lè jẹ ẹ́ lábẹ́ rọ́bà ilẹ̀, pàápàá ọkọ̀ tó ti fara gba òjò Ìjẹ̀bú fún ogún ọdún láì ní ilé. Ẹ ní kí ẹnì kan tẹ pẹ́dàlì gidigidi kí ẹ máa wo ògiri: bó bá ń mì, ẹ kò tíì ṣe tán. Ìmì yẹn á máa jẹ ìrìn pẹ́dàlì, ẹ̀yin á sì máa fa atẹ́gùn tí kò sí níbẹ̀.

Bóòtù tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí ni kí ẹ lò, M8 ó kéré tán, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tó ní ike nínú. Nọ́ọ̀tì M8 tó di másítà mọ́ búsítà kò nílò ju bí 13 sí 20 N·m lọ. Ẹni tó bá gbé ọ̀pá lé sípánà níbẹ̀ á fa bóòtù tu kúrò lára búsítà. Gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí fóòmù gbọ́dọ̀ wà láàárín búsítà àti ògiri, torí búsítà ń mí afẹ́fẹ́ láti inú ọkọ̀. Ẹ kò fẹ́ kí omi àti èéfín máa bá a wọlé. Ẹ jẹ́ kí ojú igò ọ́ìlì tẹ́jú. Bí imú másítà bá gbé sókè jù, atẹ́gùn á fara pamọ́ síbẹ̀, gbogbo fífà tí ẹ bá fà kò ní gbé e jáde.

Ọ̀pá ẹ̀yìn sábà máa ń gùn jù tàbí kúrú jù. Ẹ má fi iná wẹ́dà so ó. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ tọ́nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin) kó ya ìlà (tíréèdì) sí i, kó sì ṣe ìsopọ̀ onílà: bó bá jẹ́ M10, kí ìlà tó wọlé tó 15 mm ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ọ̀tì ìdènà sì wà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, kí pẹ́dàlì ní ìrìn òfo bí 3 sí 6 mm níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ló jẹ́ pé agbára ọ́ìlì ló ń tan iná bíréèkì ẹ̀yìn, láti súwíìṣì tó wà lára másítà tàbí páìpù. Másítà tuntun lè má ní ihò fún un. Ẹ fi súwíìṣì sídìí pẹ́dàlì, kí ẹ jẹ́ kí rewaya gbé wáyà rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ọ̀pá iwájú, ibi tí mílímítà kan ti ń pa ọkọ̀

Láàárín orí ọ̀pá iwájú àti pístìnì másítà, àyè díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, láti 0.5 mm dé 1 mm. Káàdì báńkì àtijọ́ jẹ́ 0.76 mm, ìwọ̀n yẹn gan-an lẹ ń wá. Bí àyè náà bá fẹ̀ jù, pẹ́dàlì á rìn lófo kó tó mú. Bí ọ̀pá bá gùn jù, èyí tó burú jù nìyẹn: pístìnì kò ní lè padà délé, ihò kékeré tí ọ́ìlì ń gbà padà sínú igò á wà ní dídí. Ọkọ̀ á rìn dáadáa fún kìlómítà kan sí méjì. Páàdì á bẹ̀rẹ̀ sí í fara kan dísìkì, ọ́ìlì á gbóná, á wú, kò sì ní ọ̀nà àbájáde, á túbọ̀ tẹ páàdì. Pẹ́dàlì á máa ga sí i, á máa le sí i, títí táyà á fi dì pátápátá, pẹ̀lú èéfín.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ tú másítà. Ẹ mú amọ̀ ìṣeré ọmọdé, ẹ fi ọ̀rá nàílọ́nù tín-ín-rín wé e kí epo ara rẹ̀ má bàa kan rọ́bà másítà, kí ẹ fi sórí ọ̀pá iwájú. Ẹ dá másítà padà pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí rọ́bà rẹ̀, kí ẹ sì di nọ́ọ̀tì méjèèjì dáadáa. Bí pọ́ńpù ọwọ́ bá wà, ẹ wá fa búsítà dé 20, torí pé fífà náà máa ń tẹ ara ìkòkò wọnú díẹ̀, ó sì ń yí ìwọ̀n padà. Ẹ má fọwọ́ kan pẹ́dàlì. Ẹ tún tú u, kí ẹ wọn bí amọ̀ náà ṣe nípọn tó níbi tí ó ti fẹ́lẹ́ jù. Bó bá ti tẹ̀ pátápátá tí irin sì hàn, ọ̀pá gùn jù. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá ní orí onílà tí ẹ lè yí pẹ̀lú sípánà kékeré méjì. Èyí tí kò ní, tọ́nà lè dín in kù díẹ̀díẹ̀, kó sì tún orí rẹ̀ ṣe roboto bó ṣe wà. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbà pé ó pé.

Hóòsì

Inú máńífóòdù ni hóòsì ti gbọ́dọ̀ wá, nísàlẹ̀ kabúrétọ̀, níbi tí gbogbo sìlíńdà ti ń fà. Ihò kékeré tó ń lọ sí disitiríbútọ̀ kò tó, nínú ọ̀pọ̀ kabúrétọ̀ kì í sì í fa nǹkan kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́. Bí ihò kò bá sí, ẹ tú máńífóòdù sílẹ̀ kí ẹ tó lu ọ̀kan. Ẹni tó bá lù ú lórí ẹ́ńjìnnì ti fi èérún irin bọ́ sìlíńdà.

Hóòsì tó nípọn, tó ní okùn nínú, tí inú rẹ̀ tó 9 sí 10 mm ni kí ẹ lò. Hóòsì omi á fà wọra bó bá gbóná, ẹ kò sì ní rí i lójú, torí tó bá tutù á tún ṣí. Ẹ jẹ́ kó lọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sílẹ̀ sọ́nà máńífóòdù kí èéfín pẹtiróòlù má bàa ṣàn sínú búsítà. Ọfà tó wà lára fáàfù kọjú sí ẹ́ńjìnnì.

Páìpù àti ọ́ìlì

Ẹ fi ojú wo ẹnu páìpù kí ẹ tó so ó. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan ń lo ìlà M10×1 pẹ̀lú ẹnu tí wọ́n ká lẹ́ẹ̀mejì sínú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jámánì ń lo M10×1 kan náà, àmọ́ ẹnu wọn yọ roboto bí orí olú. Méjèèjì á wọ ara wọn, wọ́n á sì jò. Ẹ gé ẹnu àtijọ́, kí ẹ ká tuntun tó bá másítà mu. Páìpù kọ́pà tí wọ́n yọ lára fíríìjì kì í ṣe páìpù bíréèkì. Kọ́pà lásán máa ń le tí ó sì ń sán bó bá ti ń gbọ̀n, ibi ẹnu rẹ̀ ló sì ti ń ṣẹ́.

DOT 3 tàbí DOT 4 ni ọ́ìlì, láti inú agolo tí wọ́n kò tíì ṣí. Ọ́ìlì yìí máa ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, omi sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ wa. DOT 3 tuntun kì í hó títí dé 205°C, àmọ́ tó bá ti mu omi, 140°C ti tó fún un. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ti sitíárì á wú gbogbo rọ́bà inú másítà láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fa atẹ́gùn másítà jáde lórí tábìlì: ẹ fi rọ́bà kéékèèké so ihò rẹ̀ padà sínú igò, kí ẹ máa ti pístìnì díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní sí ìfófòó mọ́. Lórí ọkọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí táyà tó jìnnà jù sí másítà: ní elésitíárì-òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Kí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa. Lítà kan máa ń tó.

Ìdánwò

Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ní pípa, ẹ tẹ pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀mẹfà títí tó fi máa le. Ẹ di ẹsẹ̀ mú un, kí ẹ sì tan ọkọ̀. Pẹ́dàlì gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá wọlẹ̀, fákúọ̀mù kò dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ pa á, kí ẹ tẹ̀ ẹ́: ìtẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ rọ̀. Ẹ tún tan án, ẹ tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì láì gbé ẹsẹ̀: fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, pẹ́dàlì kò gbọdọ̀ ta ẹsẹ̀ padà.

Títì Ṣágámù sí Benin pẹ̀lú tirélà rẹ̀ kì í ṣe ibi ìdánwò. Ẹ wá ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, tó dá, láàárọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 20 km/h, lẹ́yìn náà 40, lẹ́yìn náà 60. Ẹ kíyè sí táyà ẹ̀yìn: agbára ti pọ̀ sí i níwájú àti lẹ́yìn, bí ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ dì, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ kọjá iwájú rẹ̀. Ó ń fẹ́ fáàfù tó ń dín ti ẹ̀yìn kù nìyẹn, ẹ má sì wà á lójú òjò kí ẹ tó fi sí i. Lẹ́yìn kìlómítà márùn-ún, ẹ sún ọwọ́ mọ́ ríìmù kọ̀ọ̀kan láì fi kàn án. Èyí tó bá gbóná ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ ń di ara rẹ̀ mú.

Bí táyà bá dì tí kò tú sílẹ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì másítà díẹ̀ kí másítà sún síwájú ní mílímítà méjì. Bí táyà bá tú, ọ̀pá iwájú ló gùn. Bí kò bá tú, ẹ ṣí nípù tí ẹ fi ń fa atẹ́gùn lára táyà yẹn: bó bá tú nígbà náà, rọ́bà tó lọ síbẹ̀ ló dí; bí kò bá sì tú síbẹ̀, kálípà tàbí sìlíńdà kékeré fúnra rẹ̀ ló há. Bó bá jẹ́ iwájú méjèèjì ló ń gbóná díẹ̀díẹ̀ láì dì, tí másítà náà sì wá láti ara ọkọ̀ tó ní dúrọ́ọ̀mù níwájú, ẹ wo ẹnu ihò rẹ̀ bóyá fáàfù kékeré tó ń di agbára díẹ̀ mú fún dúrọ́ọ̀mù wà níbẹ̀. Dísìkì kò fẹ́ ẹ, ẹ yọ ọ́. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá yí padà kìkì nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, rọ́bà inú búsítà ló ń jò. Bó bá ń gbọ̀n nígbà gbogbo, ẹ wá a níbi hóòsì tàbí ọrùn másítà.

Lẹ́yìn 100 km, ẹ tún di gbogbo bóòtù ògiri, ẹ fi aṣọ gbẹ nu ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá ó tutù, kí ẹ sì tún wo ìrìn òfo pẹ́dàlì. Ẹ wá kọ orúkọ ọkọ̀ tí ẹ ti mú búsítà àti másítà náà, pẹ̀lú ọdún rẹ̀ àti fífẹ̀ inú másítà, sára páànù kékeré kan, kí ẹ dè é sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, torí ọjọ́ tí rọ́bà másítà bá bàjẹ́, ẹni tó bá fẹ́ rà á á béèrè ti 404, wọn á sì tà á fún un.